Bí Ọdẹ́dìran Ṣe Wá Alágbàwí Nítorí Owó-Òde Igbó Ẹlẹ́tìí

Ẹ sún wá sábẹ́ ibòòji odán yìí, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, kí oòrùn má baà dá sèríà fún yín. Ẹni tí ikọ́ bá ń há lọ́fun, kó yára wú u nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe tèmi. Èmi tí mo kan orí mọ́ ẹfọ̀n, tí ẹfọ̀n sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi, kí ni ìbá lé mi kiri bẹ́ẹ̀? Ọdẹ́dìran ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, aládùúgbò mi, ọdẹ tí ọwọ́ rẹ̀ dá, tí ẹnu rẹ̀ sì tún dá ju ọwọ́ lọ.

Igbó kan wà nígbà náà tí à ń pè ní Igbó Ẹlẹ́tìí. Kò sí ewé kan níbẹ̀ tí kò gbọ́ràn, kò sì sí èyí tó gbọ́ràn tí í gbàgbé. Àwọn iwin ló ni ín, Olú Ẹlẹ́tìí sì ni ọba wọn. Òfin tó wà láàrin wọn àti àwa ọdẹ kò le rárá: ẹran yòówù tí o bá pa níbẹ̀, itan kan jẹ́ ti ọba. Itan yẹn ni owó-òde igbó. Wà á gbé e sórí òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wà á sì máa bá tìrẹ lọ. Bàbá Ọdẹ́dìran san án títí ó fi kú. Ọdẹ́dìran náà san án fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn kan burú, ẹran wọ́n, ó ní òun á san án nígbà tí nǹkan bá rọ̀. Nígbà tí nǹkan rọ̀, ojú wá ń tì í láti gbé itan kan ṣoṣo lọ síbi tí wọ́n ti ń retí púpọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó ti dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí bá ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n fi òwú pupa dì í. Ọdẹ wo ni kò lè ka irú àrokò bẹ́ẹ̀? Ohun tó ń wí ni pé, “A ò rí itan wa.” Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jù ú sí àjà. Ìkejì dé, owó ẹyọ méjì tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n kẹ̀yìn síra: “Àwa pẹ̀lú rẹ kò fojú rinjú mọ́.” Ó jù ú sí àjà. Ìkẹta dé, èédú tí wọ́n fi ewé gbígbẹ wé: “À ń bọ̀ wá gbà á fúnra wa.” Ó ju òun náà sí àjà.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bi í pé, “Olówó orí mi, kí lẹ máa ń jù sókè yẹn?”

Ó ní, “Ìdọ̀tí ni.”

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí ewé bá já, á ta gìrì. Bí ewúrẹ́ bá fara nu ògiri, á ní wọ́n ti dé. Oúnjẹ á wà níwájú rẹ̀ títí yóò fi tutù, òun á kàn máa fi ìka yí etí àwo. Wọ́n sì dé lóòótọ́. Agbowó-òde tí wọ́n rán sí i ń jẹ́ Gbàátán, iwin gíga kan tó ní orúnkún mẹ́ta lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí í ká ara rẹ̀ bí aṣọ bó bá fẹ́ jókòó. Kì í pariwo, kì í búni, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bani. Ó kí Ọdẹ́dìran kú ilé, ó ní, “Mo wá gbẹ́sẹ̀ lé nǹkan díẹ̀,” ó fọwọ́ kan ẹnu ìbọn tó wà lára ògiri, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà ìbọn náà yadi. Ẹ̀tù á gbaná, èéfín á rú, ṣùgbọ́n kò ní dún, ọta á sì jábọ́ síwájú ẹsẹ̀ ọdẹ bí èso tó pọ́n jù. Ó tún wá, ó fọwọ́ kan imú Ẹ̀yìnlàárò, ajá ọdẹ. Ajá náà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹran kọjá láìgbóòórùn rẹ̀. Ó tún wá lọ́sàn-án gangan, ó tẹ̀ ba, ó ká òjìji Ọdẹ́dìran nílẹ̀ bí ẹní, ó fi í sí abíyá. Nígbà tó wá kẹ́yìn, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ó ní, “Ohun tó kù tó níye lórí lọ́dọ̀ rẹ ni orúkọ rẹ. A óò máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Bó bá tán, ẹjọ́ tán nìyẹn, nítorí ọba kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí kò lórúkọ.”

Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìhàlẹ̀. Èmi fúnra mi pàdé rẹ̀ lọ́nà odò, mo fẹ́ kí i, mo ní, “Ọdẹ́dì… Ọdẹ́dì…” ìyókù sì ń yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu bí ọbẹ̀ ilá. Ó wò mí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó gbá a nídìí kúrò nílé ni ti ọjọ́ kejì. Ó ti oko wọlé, Àwẹ̀ró sì dìde, ó kúnlẹ̀, ó fi ohùn tí èèyàn fi ń gba àlejò sọ pé, “Ẹ káàbọ̀ o, bàbá. Ọkọ mi kò tíì dé. Ta ni kí n sọ fún un pé ó wá?”

Ọdẹ́dìran dúró lójú kan, àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà di ojú, ó là á, ìtìjú bò ó. “Háà, ẹ̀yin ni! Kí ló ń ṣe mí báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín, ọkọ kò bá a rín in.

Ọ̀dọ̀ mi ló sáré wá, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, “Wò ó, ọ̀rẹ́, èmi lè gbá kìnnìún létí, ṣùgbọ́n n ò mọ òfin owó-òde. Ohun tí a ò mọ̀, à á wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Alágbàwí kan wà ní òdìkejì Odò Ìbéèrè, Yẹ̀ẹ́wò lorúkọ rẹ̀. Ó ti bá wọn gba owó-òde rí kó tó fi wọ́n sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ báyìí ni kó máa bá onígbèsè rojọ́ níwájú ọba. Kó àwọn àrokò rẹ dání. Má fi ìkankan sílẹ̀.” Ó gun àjà, ó kó wọn sápò, ó sì wọ igbó, Ẹ̀yìnlàárò tẹ̀lé e.

Oríta ló ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú kan jókòó síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dé etí, ó ń kígbe pé, “Gbèsè á parẹ́! Owó-òde á parẹ́! Ẹ wá bá Párẹ́!” Kó tó di pé Ọdẹ́dìran la ẹnu, ó ti dì í lọ́wọ́ mú. Kò bi í pé èló ni gbèsè, kò bi í pé ta ni ó jẹ. Ó ní, “Gbogbo rẹ̀ ni màá pa rẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Kí lo ní lọ́wọ́?” Ọdẹ́dìran ní apó ẹ̀tù kan tó jogún, ọ̀já rẹ̀ jẹ́ awọ àgbọ̀nrín. Párẹ́ gbà á, ó já ewé kan fún un. “Máa jẹ ẹ́ lẹ́nu. Bí o bá ti ń jẹ ẹ́, ojú agbowó-òde kankan kò ní tó ọ.”

Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ó ń jẹ ewé, ó ń rìn, ó tilẹ̀ ń súfèé. Bí ó ti yí kọ́nà báyìí, Gbàátán ni, ó ká ara rẹ̀ sórí ìtí igi.

Gbàátán ní, “Ṣé ewé yẹn dùn? Àwọn tí mo bá lánàá ní ó korò díẹ̀.” Ó na ọwọ́, ó já nǹkan kan gbà nínú afẹ́fẹ́ níwájú àyà ọdẹ náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọdẹ́dìran fẹ́ pe orúkọ ara rẹ̀ láti dán an wò. “Ọdẹ́,” ló jáde. Ó tún un pè. “Ọdẹ́.” Ìyókù ti lọ. Ó sáré padà sí oríta, ó bá ilẹ̀ gbígbẹ. Párẹ́ ti kó ẹnu rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré láìmọ ibi tó ń lọ, ìgbà tí yóò sì gbé ojú sókè, ó bá ara rẹ̀ ní ìlú kan tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Gbogbo ará ìlú náà ló dé ìkòkò mọ́rí dé ọrùn. Wọ́n jókòó lẹ́bàá ilé wọn jẹ́ẹ́. Ọ̀kan gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò, ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga: “Ṣé àrokò ló ń dà ọ́ láàmú? Tiwa náà nìyẹn. Ìkòkò kan ń bẹ lẹ́sẹ̀ mi. Dé e, kó o sinmi.”

Ẹ má bínú sí i o, ẹ̀yin tí oorun ń kun ojú yín lálẹ́. Ó dé e. Òkùnkùn inú rẹ̀ tutù minimini. Kò rí igbó mọ́, kò rí ojú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà dé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ èédú, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sùn. Ìgbà tó jí, ó na ọwọ́ láti fọwọ́ kan ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó dúpẹ́. Ọwọ́ ọkùnrin náà tutù, ewé ti hù láàrin ìka rẹ̀, ìka náà kò sì pé. Ọdẹ́dìran ṣí ìkòkò díẹ̀. Àwọn agbowó-òde ń rìn kiri láàrin ìlú ní ìrọ̀rùn, bí obìnrin tó ń já ata nínú ọgbà rẹ̀. Wọ́n ń mú apá níhìn-ín, wọ́n ń mú ìka lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó ń bá wọn jiyàn, ẹni tó fi ìkòkò bojú ṣe máa mọ ohun tí wọ́n ń mú? Ẹ̀rù tó bà á kò jẹ́ kó lè kígbe. Ó fọ́ ìkòkò náà mọ́ ògiri, ó sì ki eré mọ́lẹ̀, ajá rẹ̀ ń gbó lẹ́yìn rẹ̀, títí tó fi kan Odò Ìbéèrè.

Atukọ̀ odò náà jẹ́ arúgbó kan tí awọ ara rẹ̀ rí bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Kò gba owó ọkọ̀. Àlọ́ ni í pa. Ó ní, “Àlejò kan wà, a kò pè é, ó wá. Kì í jẹ ohunkóhun, ó ń sanra. Bí a bá sùn, kì í sùn. Kí ni?”

Ọdẹ́dìran ní, “Ẹ̀fọn ni.”

“Ẹ̀fọn ń jẹ nínú rẹ.”

“Ọjọ́ ogbó ni.”

“Èmi gbó, n ò sì sanra. Kí ni?”

Ó mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa á ló ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pè é rí, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tó sá tọ̀ mí wá, lọ́jọ́ náà pàápàá “ọ̀rọ̀ yìí” ló ń pè é. Ó ní, “Gbèsè ni. Gbèsè mi ni.”

Atukọ̀ ní, “Wọlé,” ó sì tu ọkọ̀.

Yẹ̀ẹ́wò ń pa ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ nígbà tó dé. Arúgbó obìnrin ni, kò ga ju odó lọ, ó ní ojú méjì níwájú bíi tiwa, ó sì ní ọ̀kan ní ìpàkọ́ tí í fi wo ohun tó ti kọjá. Ọdẹ́dìran dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

“Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi pa gbèsè yìí rẹ́.”

“N kì í pa gbèsè rẹ́. Ẹni tó bá ní òun lè pa á rẹ́, irọ́ ló ń pa. Dìde. Orúkọ rẹ?”

“Ọdẹ́.”

“Ṣé bó ṣe kù nìyẹn? Ó ti pẹ́ kó o tó wá.” Ó ti igbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Kí n tó ṣe ohunkóhun, gbọ́ iye owó iṣẹ́ mi. Ìdì igi mẹ́fà, wà á ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá parí. Bó o bá purọ́ fún mi nínú ohun kan ṣoṣo, màá dìde kúrò níwájú ọba, màá fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà.”

Ó tẹ́ àrokò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó fi ojú ìpàkọ́ wò wọ́n, ó mi orí. Ó ní, “Ṣé o mọ ohun tó burú jù níbí? Kì í ṣe pé o jẹ gbèsè. Ó jẹ́ pé o dákẹ́. Bí èèyàn bá dákẹ́, àwọn ni yóò bá a sọ iye tó jẹ. Wọ́n ní igba itan ni o jẹ.”

“Igba! Ìyá, n ò pa igba ẹran láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi!”

“Ibo ni wọ́n ti rí i, nígbà náà?” Ó wò ó títí. “Nígbà tí ẹ bá pàdé lábẹ́ igi Igbó Ẹlẹ́tìí, ẹ̀yin ọdẹ, kí ni o máa ń sọ?”

Ọdẹ́dìran wolẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, mo wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Á dìde láàrin wa, á ní ìbọn òun kì í tàsé, á ní òun pa ẹfọ̀n mẹ́rìndínlógún ní ẹ̀ẹ̀rùn kan. Àwa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ewé Igbó Ẹlẹ́tìí kò mọ̀.

Yẹ̀ẹ́wò ní, “Wà á sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé o tàsé.”

“Àwọn ọdẹ tó ti kú ń jókòó ní ààfin Olú Ẹlẹ́tìí, mà. Bàbá mi ń jókòó síbẹ̀.”

“Mo mọ̀. Lọ jẹun. Mo ní àwọn ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ wá.”

Ìgbà tí Yẹ̀ẹ́wò padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, kò sì sọ ohun tó rí. Wọ́n jọ lọ sí ààfin. Olú Ẹlẹ́tìí jókòó lórí ọ̀gán, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, wọ́n ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún fúnra wọn. Akígbe ààfin bèèrè pé, “Kí ni orúkọ ẹni tí à ń pè lẹ́jọ́?”

Ọdẹ́dìran la ẹnu. “Ọ…” ni ó jáde. Òógùn bò ó. Gbàátán ti dìde, ọwọ́ rẹ̀ nà díẹ̀ síwájú. Ó tún gbìyànjú. “Ọ…”

Yẹ̀ẹ́wò ní, “Kábíyèsí, ìró kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Òfin ní bí orúkọ bá tán. Kò tíì tán.”

Ọba mi etí kan. Ìyẹn ni pé kí wọ́n máa bá ẹjọ́ lọ.

Gbàátán pàtẹ́wọ́, ewé sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ láti orí igi gbogbo. Ohùn Ọdẹ́dìran ni ewé kọ̀ọ̀kan fi ń sọ̀rọ̀, ohùn ọjọ́ tí ẹmu ti wọ̀ ọ́ lára: “Mo pa ẹfọ̀n mẹ́rìndínlógún! Ìbọn mi kì í tàsé! Mo pa ẹkùn, mo fi ìrù rẹ̀ so bàǹtẹ́!” Ó fẹ́ kí ilẹ̀ là kí òun wọlé.

Yẹ̀ẹ́wò ní, “Kábíyèsí, àwọn tí wọ́n ní ó pa wà níta. Kí wọ́n máa wọlé bọ̀.” Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹfọ̀n wọlé, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n sanra, ara wọn ń dán. Ẹkùn wọlé tìrù-tìrù. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Yẹ̀ẹ́wò á bèèrè pé, “Ìwọ ńkọ́, kí lo ṣe fún eléyìí?” Ọdẹ́dìran á ní, “Mo tàsé.” Àwọn òkú ọdẹ bú sẹ́rìn-ín ní àkọ́kọ́. Nígbà tó yá wọ́n ń gbá orúnkún ara wọn. “Mo tàsé. Mo tàsé. Eléyìí, n kò tilẹ̀ yìnbọn sí i, mo sá ni.” Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ló ń wò.

Lẹ́yìn náà ni alágbàwí náà tọ́ka sí bàbá yẹn. “Ẹni yìí ti ń jókòó lọ́dọ̀ yín láti ọjọ́ pípẹ́, Kábíyèsí, ẹ sì ń ka itan tirẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ lọ́rùn bí ẹni pé ó ṣì ń dọdẹ. Òkú kì í pa ẹran.” Etí ọba yí sí Gbàátán. Gbàátán ká ara rẹ̀ kéré sí i.

Ó wá ku ogójì. Yẹ̀ẹ́wò fẹ́ jókòó, Ọdẹ́dìran sì mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó lé ọ̀kan. Ìgalà kan wà tí mo pa lẹ́bàá àbàtà. Èmi àti ìyàwó mi la jẹ ẹ́, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ewé tó gbọ́ ọ.”

Olú Ẹlẹ́tìí sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ìrẹ̀. “Ọ̀kànlélógójì. Kó máa san án bó bá ṣe ń rí ẹran pa. Ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ dá ohùn ìbọn padà, ẹ dá imú ajá padà, kí ni yóò fi san án bí kò bá ní wọn? Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́ta ni mo ránṣẹ́ sí i tí kò dá mi lóhùn. Òjìji rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi títí itan ìkẹyìn.”

Yẹ̀ẹ́wò ṣí ẹnu láti bẹ̀bẹ̀ nítorí òjìji náà, ọba sì ti ká etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Ibi tó mọ nìyẹn. Ọdẹ́dìran ṣẹ́ ìdì igi mẹ́fà fún un kó tó kúrò, ó dì wọ́n dáadáa, ó sì dọ̀bálẹ̀. Obìnrin náà ní, “Bí àrokò mìíràn bá dé, ọjọ́ tó dé náà ni kó o dáhùn. Bí o kò bá ní itan, wá sọ pé o kò ní.”

Ó rìn wálé lọ́sàn-án, ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ funfun gbòò, kò sí òjìji tó tẹ̀lé e. Ó ń rò ó pé kí ni òun yóò wí, pé bóyá òun yóò ní òun lọ kí ẹbí. Àwẹ̀ró ń ro oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tó yọ. Ó gbé ojú sókè, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ilẹ̀ níbi tó yẹ kí òjìji wà, ó sì fi ọkọ́ lélẹ̀.

“Olówó orí mi, níbo lẹ lọ?”

Ọdẹ́dìran jókòó sórí ebè. Ó sọ ọ́ fún un, láti orí ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ títí dé orí ìgalà, kò fi ọ̀kan pamọ́. Obìnrin náà jókòó tì í.

“Ẹ wá ń jù ú sí àjà.”

“Mo ń jù ú sí àjà.”

“Itan mélòó ló kù?”

“Gbogbo rẹ̀ ló kù.”

Àwẹ̀ró gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó na ìka sí ìhà odò. “Ẹ yára jẹun. Mo rí ipa ẹsẹ̀ ọ̀yà lọ́hùn-ún yẹn láàárọ̀, kò tíì gbẹ.”